Òdòdó kún igi kòkó bámúbámú, èso ò dúró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌkọ̀lé (oṣù kẹrin, ọjọ́ Ajé, àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ń ṣe, éékà mẹ́rin. Ọdún kejì mi rèé nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́ kí bàbá tó lọ.

Nígbà ayé wọn, oko yẹn rí wúruwùru. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ níhìn-ín, igi obì lọ́hùn-ún, ewé gbígbẹ á boni lẹ́sẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, èèrà á máa gun igi lọ, á máa gun igi bọ̀. Mo ní èmi ò ní ṣe oko bẹ́ẹ̀. Lóṣù kìíní, mo gba lébìrà mẹ́fà. A gbá gbogbo ewé abẹ́ kòkó jọ, a sun ún. A hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àárín oko dànù. A gé igi ńlá mẹ́ta tó ṣíji bo ìhà ìlà-oòrùn. Mo ra oògùn, a fọ́n ọn títí èèrà fi pòórá. Nígbà tí a ṣe tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ibẹ̀, ó ní pápá bọ́ọ̀lù ni. Inú mi dùn.

Òjò dé, òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó pọ̀ débi pé èèpo igi ò hàn mọ́. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Mo ti ń ṣírò owó ilé ìwé ọmọ lórí ẹ̀. Àfi bí òdòdó ṣe ń já bọ́ lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ abẹ́ igi funfun bí ẹni tú gààrí dà sí i. Mo yan igi mẹ́wàá, mo ka ọmọ kòkó tó wà lára wọn: mọ́kànlá péré, lórí igi mẹ́wàá! Oko bàbá tó múlé tì mí, tó rí bí ààtàn, ọmọ kòkó so mọ́ ọn lára bí ìlẹ̀kẹ̀. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà.

Ẹni tó ta oògùn fún mi ní kí n wá ra èyí tó le jù ú lọ. Ṣé kí n fọ́n ọn?

ÌyáÌbejìỌ̀yẹ́

Má fọ́n nǹkan kan o, àbúrò. Dúró ná.

TísàÌdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìdó-Èkìtì, àwọn òbí mi náà sì ní kòkó, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó náwó míì.

Ẹ já òdòdó kan lọ́la, kẹ́ ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Ewé rẹ̀ márùn-ún ni, ìdí ewé kọ̀ọ̀kan sì ká kòròkòrò bí àpò kékeré. Inú àpò yẹn ni lẹ́búlẹ́bú akọ pamọ́ sí. Abo wà láàárín gan-gan, àwọn ohun ṣóńṣó márùn-ún kan sì tò yí i ká bí ọgbà. Òdòdó ò lè di èso àfi tí lẹ́búlẹ́bú yẹn bá kan abo. Atẹ́gùn ò lè gbé lẹ́búlẹ́bú jáde nínú àpò yẹn. Oyin tóbi jù, kò lè wọ ibẹ̀. Irú kantíkantí kan báyìí ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ abo, kò ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á sì ṣe kòkó títí dọjọ́ alẹ́ láì mọ̀ pé ó wà. Ó máa ń wọ inú òdòdó láàárọ̀ kùtù, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, á sì gbé e dé orí igi mìíràn. Ó gbọ́dọ̀ dé orí igi mìíràn o, torí ọ̀pọ̀ igi kòkó ni kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀.

Òdòdó tí kantíkantí ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ méjì ni, á já bọ́. Kódà lóko tó dára, nínú ọgọ́rùn-ún òdòdó, ó ṣòro kí márùn-ún di èso.

Níbo wá ni kantíkantí yìí ń gbé? Ibi tí nǹkan bá ti ń jẹrà tó sì tutù ló ń yé ẹyin sí: abẹ́ ewé kòkó tó rin, inú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà, inú èèpo kòkó tí a là sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ilé wọn lẹ sun lóṣù kìíní. Àwọn tó ṣẹ́ kù, oògùn èèrà kàn wọ́n. Ẹni tó sì ní kẹ́ ẹ tún fọ́n òmíràn, ọjà tirẹ̀ ló ń tà.

Ẹ má tíì gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò. Ẹ yan ogún òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárọ̀, kẹ́ ẹ so òwú pupa sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ mú òdòdó láti ara igi mìíràn, ẹ fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí àpò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ra abo ogún yẹn lára. Ẹ so òwú funfun sí ogún mìíràn, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ti òwú pupa bá dúró tí ti funfun já bọ́, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń dà yín láàmú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi.

ỌmọẸfọ̀n

Tísà, ìwé lẹ̀ ń kà yẹn. Oko mi mọ́, mo sì ń kórè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ewé máa wà nílẹ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹni tí ejò bá bù jẹ lọ sọ́sípítù? Inú ewé kòkó ni paramọ́lẹ̀ ti bu ọmọ àbúrò mi jẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

ÀgbàÌjerò

Ọmọ Ẹfọ̀n, ọ̀rọ̀ ejò kì í ṣe àwàdà, o ò jẹ̀bi. Mo ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ẹni tí paramọ́lẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: gbá ojú ọ̀nà oko mọ́, gbá ìdí igi kọ̀ọ̀kan yíká kí ilẹ̀ ibẹ̀ hàn, kí o lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ̀ nígbà tó o bá ń fi gọ̀ǹgọ̀ já kòkó. Ewé àárín igi sí igi, fi sílẹ̀. Wọ bàtà òjò. Ewé náà lọ̀tá oòrùn àti ọ̀tá koríko. Bó o bá gbá a tán, wàá san owó ìroko lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún.

Ọmọ Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ Tísà tọ̀nà, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ká odidi rẹ̀, ẹ gé ìtí rẹ̀ kéékèèké bí ìgbọ̀nwọ́ ọwọ́, ẹ pín in káàkiri sábẹ́ ìbòòji láàárín igi. Ẹ má kó o ti ìdí kòkó. Láàárín oṣù kan, kantíkantí tó yé ẹyin síbẹ̀ á ti di odidi kòkòrò tó ń fò. Èèpo kòkó náà dára, ṣùgbọ́n èèpo tó yá gágá ni mo wí o! Èyí tí àrùn ti sọ di dúdú, ẹ kó o jáde pátápátá, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Àìmọye oko ni mo ti rí tí wọ́n fi èèpo dúdú sílẹ̀ lábẹ́ igi, tí òjò ń ta á sókè mọ́ èso. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ìdajì kòkó ti jóná lórí igi.

ÌyáElépoÌṣẹ̀

Ẹ̀yin oníkòkó, ẹ jẹ́ kí àwa elépo náà wí tiwa. Ẹ̀bùn ọ̀pẹ tí à ń rí jẹ yìí, ẹ ò mọ̀ pé kòkòrò ló ń bá wa ṣe é. Ẹ lọ sí ìdí akọ òdòdó ọ̀pẹ lọ́jọ́ tó bá tanná, ẹ ó gbọ́ òórùn dídùn kan, ẹ ó sì rí àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké, onímú gígùn, tí wọ́n bò ó ṣìbáṣìbo. Orí akọ òdòdó yẹn ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Abo náà máa ń rùn bí akọ nígbà tó bá là. Wọ́n á bá òórùn lọ, wọ́n á rí i pé kò sí oúnjẹ, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú ara wọn ti gbọ̀n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀tàn gidi!

Ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo lọ ni wọ́n ti sọ fún wa pé lọ́dún 1848, igi ọ̀pẹ mẹ́rin ni wọ́n gbìn sí Bogor ní Indonéṣíà, ìran wọn ló kún Màléṣíà lónìí. Wọ́n gbé ọ̀pẹ lọ, wọn ò gbé kòkòrò rẹ̀ dání. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn ni Màléṣíà ń gbà síṣẹ́ láti máa fọwọ́ bu lẹ́búlẹ́bú sí abo lórí. Ọdún 1981 ni wọ́n tó wá kó kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù, iṣẹ́ ọwọ́ náà sì parí. Ọmọ Ìkọ̀lé, bí ẹ ò bá fẹ́ dẹni tó ń san owó iṣẹ́ fún lébìrà kó máa bá òdòdó gbéyàwó, ẹ mójú tó kantíkantí yín.

ỌmọÌkọ̀lé

Mà, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, orí mi sì wú. Ẹ ṣeun gan-an, Tísà, Bàbá Ìjerò. Mo ti so òwú mọ́ra igi láàárọ̀ yìí. Ojú ń ta mí. Ìbéèrè mi kù: èèrà ńkọ́? Èmi rò pé èèrà ló ń ba kòkó jẹ́. Bàbá mi kì í pa wọ́n, mo sì máa ń bá wọn jà lórí ẹ̀.

ÀgbàÌjerò

Èèrà wo? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í ṣe ìdílé kan.

Àwọn dúdú kéékèèké kan wà tí wọ́n máa ń fi ohun bí eruku igi mọ àgọ́ pẹlẹbẹ sí ìdí èso àti sí ibi tí ẹ̀ka ti yà. Ẹ fi èékánná ṣí àgọ́ náà: ẹ ó rí kòkòrò funfun bíńtín-bíńtín, tó dà bí ẹni fi èlùbọ́ wọ́n ọn lára. Wọ́n ń fa omi igi, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ jáde ní ohun dídùn. Èèrà ń lá ohun dídùn yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ wọn bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù, tó ń kó wọn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, tó ń lé ẹni tó bá fẹ́ jẹ wọ́n. Àwọn funfun yẹn ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú kiri. Ọdún 1936 ni wọ́n dá àrùn yẹn mọ̀ ní Gáánà, ó di 1944 kí wọ́n tó rí i ní Nàìjíríà. Igi kòkó tí Gáánà ti gé lulẹ̀ nítorí rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Kò sí oògùn rẹ̀, gígé ni. Fáírọ́ọ̀sì náà tún máa ń gbé lára igi àràbà, láti ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sórí kòkó.

Àwọn èèrà mìíràn sì ń ru erùpẹ̀ ilẹ̀ gun igi láti fi mọlé. Erùpẹ̀ yẹn a máa gbé àrùn kòkó dúdú dání. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù tẹ́ ẹ bá rí i.

Ti ẹ̀kẹta ni èèrà pupa, èyí tó ń fa ewé tútù pọ̀ tó fi ń rán ilé sórí igi. Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn o. Kòkòrò tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní kápísíìdì, tó ń gún èso àti ẹ̀ka tútù tí ojú ibẹ̀ fi ń dúdú, èèrà pupa ló ń lé e. Igi tí wọ́n bá kọ́lé sí, kápísíìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró níbẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí tipẹ́. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn láti ọdún 304 pé wọ́n ń ra ilé èèrà pupa lọ́jà, wọ́n sì ń so ó mọ́ igi ọsàn.

ỌmọẸfọ̀n

Bàbá, ẹ wá bá mi kórè lábẹ́ èèrà pupa yẹn kẹ́ ẹ tó yìn ín tán. Wọ́n wọ abíyá mi lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ níwájú àna mi.

ÀgbàÌjerò

Ẹ̀ ẹ́n, wọ́n ń jẹni, mi ò ṣẹ́. Fi eérú pa ọwọ́ àti ọrùn. Àwọn náà sì ní kòkòrò tiwọn tí wọ́n ń sìn lórí igi, nítorí náà mi ò ní wọ́n jẹ́ ẹni mímọ́. Mo kàn ń wí pé nínú èèrà dúdú àti èèrà pupa, mo mọ èyí tí màá bá gbélé. Ọmọ Ìkọ̀lé, oògùn tí ẹ fọ́n pa ọ̀tá, ó pa ọlọ́pàá.

ArẹgbẹÌlawẹ̀

Ẹ dákun, mo fẹ́ béèrè nípa tata tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi lóṣù kejì…

ÌyáÌbejìỌ̀yẹ́

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣí ojú ìwé tiyín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bàa ní a lé yín: inú ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ igbó ni tata ń kó ẹyin sí, ọ̀pọ̀ wọn lójú kan náà. Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n bá ti pé jọ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọkọ́ wú ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn pa ẹyin náà. Ewé Akíntọ́lá tó bá ń tanná nítòsí, ẹ ṣán an. Wọ́n fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, oró inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dáàbò bo ara wọn.

ỌdẹÌṣẹ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí mò ń bá bàbá mi dẹ igbó ní Ìṣẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fi ojú gban-gba jẹ kòkó, torí àṣá wà lókè, òjòlá wà nílẹ̀, ẹtà ń rìn lóru. A pa gbogbo wọn tán, èmi gan-an wà lára àwọn tó pa wọ́n. Báyìí ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá kòkó lu lójú mi bí ẹni ń mu fàǹtà. Bẹ́ ẹ bá rí òjòlá lóko, ẹ yà fún un. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é.

ỌmọÌkọ̀lé (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Tísà! Èsì òwú dé. Nínú ogún tí mo fọwọ́ ṣe, mẹ́jọ dúró, wọ́n ti ń wú. Nínú ogún òwú funfun, òfo. Òfo pátápátá! Mo jókòó sí ìdí igi yẹn, n ò lè sọ̀rọ̀. Lébìrà mẹ́fà, mo fún wọn lówó, mo fún wọn ní iyán, kí wọ́n lè bá mi ba oko ara mi jẹ́.

Mo lọ bá bàbá tó múlé tì mí, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kó o, wọ́n ní bàbá mi ló kọ́ wọn. Ọkọ̀ alùpùpù mẹ́rin la fi kó o.

Nǹkan kan tún ń jọ mí lójú. Ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí mo ti gé igi ńlá, mò ń rí ewé kan lórí kòkó tí kì í ṣe ewé kòkó. Ó nípọn, òdòdó rẹ̀ pupa.

TísàÌdó

Àfòmọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn àgbà wí: àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹyẹ kékeré kan ló ń jẹ èso rẹ̀. Kóró rẹ̀ lẹ̀ bí àtè, kì í já bọ́rọ̀ lára ẹyẹ, á fi nu ara ẹ̀ka, ibẹ̀ ni yóò ti hù, yóò sì ti gbòǹgbò ẹ̀tàn bọ inú ẹ̀ka láti fa omi. Ewé rẹ̀ tútù, ó ń fi oòrùn se oúnjẹ fúnra rẹ̀, omi àti ohun ilẹ̀ ló ń jí. Oòrùn ló fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ṣílé sílẹ̀ fún oòrùn ló kọ́kọ́ yà sí. Ẹ gé ẹ̀ka náà sísàlẹ̀ ojú ibi tó ti wọlé, ẹ má kàn fa ewé rẹ̀ ya, á tún rú. Kẹ́ ẹ sì gé e kó tó so. Kápísíìdì náà fẹ́ràn ojú ibi tí ìbòòji ti já, ẹ máa fojú sí i.

Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò igi náà fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ wá igi mìíràn gbìn. Kì í ṣe àràbà o.

ỌmọÌkọ̀lé (oṣù keje)

Mo jẹ yín ní gbèsè ìròyìn. Àwọn ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti rà, wọ́n rọ̀ bí ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ Sátidé mo jí dé oko ní aago márùn-ún ààbọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìtí kan, mo sì fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀. Nǹkan bí eruku dìde lára rẹ̀. Mo rò pé eruku ni, àfi ìgbà tí eruku yẹn yí padà, tó tún bà sórí ìtí. Mo gbé orí sún mọ́ òdòdó kan nítòsí, mo dúró pẹ́ títí ọrùn fi ń dùn mí, mo sì rí ọ̀kan tó rá bọ inú rẹ̀, tó wà níbẹ̀ bí ẹni sọnù, tó wá jáde. Kò tó orí abẹ́rẹ́.

Igi mẹ́wàá tí mo ka lóṣù kẹrin, mo tún kà wọ́n: ọmọ kòkó mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ti bàbá tó múlé tì mí ṣì ju tèmi lọ dáadáa, mi ò purọ́. Díẹ̀ nínú tèmi ti ń dúdú tó sì ń gbẹ lórí igi.

TísàÌdó

Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni, igi fúnra rẹ̀ ló ń dín ẹrù kù, kì í gbé ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ èyí tó ti tóbi ni, àrùn ni, ẹ já a kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

ỌmọẸfọ̀n

Mọ́kàndínlọ́gọ́ta? Hmm. Mo ń gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí. Ẹ má sọ fún Tísà.

ÌyáÌbejìỌ̀yẹ́

Tísà ti rí i. Ọmọ Ìkọ̀lé, fọ́tò dà?

ỌmọÌkọ̀lé

Ó di alẹ́ kí n tó dé ìlú, mà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oko ò lè gbé fọ́tò. Ẹni tó ń ta oògùn ń pè mí lórí fóònù láti àárọ̀, mi ò tíì gbé e.